Omi Tí Póòpù Kò Lè Dà Padà

Ikate Elegushi tí à ń sọ yìí, kó tó di pé ilé gogoro gba ojú òkun mọ́ àwọn onílé lọ́wọ́, téèyàn bá ti bọ́ sílẹ̀ nínú Máruwá, òórùn ọṣẹ àti ṣítáàṣì ló máa kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Ilé ìfọṣọ Àǹtí Yọ̀mí ni òórùn náà ti ń wá. Ibẹ̀ ni Àṣàbí ti ń lọ aṣọ. Ọmọ Tìjání tó ń lẹ táìsì ni, ará Ìwó tí iṣẹ́ gbé wá sí Ajah. Àṣàbí kò ga, kò kúrú, ṣùgbọ́n bó bá gbé áyọ́ọ̀nù lé aṣọ, àwọn oníbàárà á dákẹ́, wọ́n á máa wo ọwọ́ rẹ̀.

Aṣọ pẹpẹ ló gbé ọ̀rọ̀ wá.

Ìyá kan wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wọ bùbá funfun, ó fi rosárì wé ọrùn ọwọ́. Ọmọkùnrin rẹ̀ gbé apẹ̀rẹ̀ tẹ̀ lé e. Màmá Akóredé ni wọ́n ń pè é, olórí àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà àdúgbò náà. Opó ni, ilé rẹ̀ sì wà nínú ẹsítéètì tó kọjú sí ilé ìfọṣọ. Àǹtí Yọ̀mí, tó jẹ́ àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ti kú, kúnlẹ̀ kí i, ó sì ṣẹ́jú sí Àṣàbí pé kó dìde.

"Ìwọ lo máa lọ̀ ọ́?"

"Èmi ni, mà."

"Jẹ́ n rí ọwọ́ rẹ."

Àṣàbí na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ọmọ iléèwé. Ìyá náà yẹ̀ ẹ́ wò, ó yí i padà, ó tún yẹ̀ ẹ́ wò.

"Aṣọ tí wọ́n fi ń nu ife Olúwa nìyí. Omi àkọ́kọ́ tí a fi ṣàn án, ilẹ̀ la dà á sí, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. A kì í dà á sí gọ́tà. Omi tó bá ti kan ohun mímọ́, kò níbi tó ń padà sí mọ́. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

"Màámi, ẹ ti dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ," ọmọkùnrin náà wí. "Ẹ wo bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n."

"Jẹ́ kó gbọ̀n. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í fi áyọ́ọ̀nù jó aṣọ."

Akóredé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni Àṣàbí gbé dé Ajah lọ́jọ́ náà, tí kò rí ibi sọ ọ́ kalẹ̀ sí.

Láti ìgbà náà ni ṣẹ́ẹ̀tì Akóredé ti ń dọ̀tí ju ti gbogbo ayé lọ. Awọnlẹ̀ ni, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ní Lẹ́kkí Free Zone ló ti ń ṣiṣẹ́, eruku ibẹ̀ sì pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n eruku kì í wọnú wọ́dúróòbù lọ bá aṣọ tí èèyàn kò tí ì wọ̀.

"Akóredé, ṣé kì í ṣe àná lo gbé ṣẹ́ẹ̀tì yìí lọ?" Àǹtí Yọ̀mí bi í.

"Mo ta ọbẹ̀ sí i, Àǹtí."

"Ọbẹ̀ wo ni kò lépo, tí kò láta? Àṣàbí, wá gba aṣọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ń mu ọbẹ̀ omi lásán."

Àṣàbí kì í fèsì. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń sọ̀rọ̀. Bó bá ń ká ṣẹ́ẹ̀tì ẹlòmíràn, ẹ̀yìn ló ń ká apá méjèèjì sí. Ti Akóredé nìkan ló ń fa apá ọ̀tún rẹ̀ wá síwájú, tó ń tẹ́ ẹ sórí àyà, bí ẹni tó gbé ọwọ́ lé ọkàn. Ó pẹ́ kí ọkùnrin náà tó rí i. Ọjọ́ tó rí i, ó lọ dé géètì, ó padà wá, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà tòun ti ọ̀rá aṣọ.

"Ta ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń ká aṣọ báyìí?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi."

"Ṣé bó o ṣe ń ká ti gbogbo èèyàn nìyí?"

"Ẹ wo ti àwọn tó kù lórí pákó níbẹ̀ yẹn, Bọ̀dá Akóredé."

Ó wò ó. "Má pè mí ní bọ̀dá mọ́."

"Kí ni kí n wá máa pè yín?"

"Ṣé mi ò lórúkọ ni?"

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni Àṣàbí fi kọ́ bó ṣe máa pe orúkọ yẹn láìfi bọ̀dá sí i. Etí òkun Elegushi ló ti kọ́kọ́ pè é, níbi tí ariwo omi ti lè bá èèyàn bo ìtìjú mọ́lẹ̀. "Akóredé." Ọkùnrin náà ní kó tún un pè, òun ò gbọ́. Irọ́ ni, ó gbọ́ ọ.

*

Àǹtí Yọ̀mí ló ṣe alárinà. Ó wọ ẹsítéètì lọ bá Màmá Akóredé lọ́jọ́ Sátidé kan, ó sì padà dé, ó ń fi ìbòrí fẹ́ ara rẹ̀.

"Wọn ò lé mi," ó ní. "Wọ́n tilẹ̀ fún mi ní omi mu. Wọ́n ní ọmọ àwọn ò ní fẹ́ ẹni tí kò lè bá a kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ. Wọ́n ní kó o wá di ọmọ Àgùdà ná, ká tó sọ ọ̀rọ̀ mìíràn."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan ni wọ́n fẹnu sọ. Ojú wọn sọ̀rọ̀ mìíràn, ṣùgbọ́n èmi ò mọ èdè ojú ìyá yẹn kà láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ̀gbọ́n mi."

Inú Akóredé dùn débi pé ó gbé Àǹtí Yọ̀mí yípo láàárín àwọn aṣọ tí wọ́n sá. Àṣàbí náà yọ̀. Ó rò pé ilẹ̀kùn ni wọ́n ṣí.

Ní Ajah, bàbá rẹ̀ ń fi òkúta họ símẹ́ńtì tó gan mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tó sọ fún un pé òun fẹ́ di ọmọ Àgùdà.

"Nítorí ọkùnrin?" Tìjání bi í.

"Bàámi, ó ti wọ̀ mí lọ́kàn. Kì í ṣe tìtorí rẹ̀ nìkan."

"Tìtorí rẹ̀ ni. Má purọ́ mọ́ Ọlọ́run. Bó bá fẹ́ fẹ́ ọ, kó wá bí ọmọ èèyàn, mo lè ní àna tó jẹ́ onígbàgbọ́. Ìdajì agbo ilé wa n'Ìwó ló ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, a sì jọ ń jẹ iyán ọdún ni. Ṣùgbọ́n kí ni orúkọ tí mo sọ ọ́ ṣe fún ọ?"

"Wọn ò ní yọ ọ́. Wọ́n kàn máa fi Mónìkà kún un ni."

"Ẹni tí wọ́n bá fi nǹkan kún, wọ́n ti yọ nǹkan lára rẹ̀. Ta ló máa dúró fún ọ níbẹ̀?"

"Wọ́n ní ẹnì kan máa dúró bí òbí."

Òkúta dúró lọ́wọ́ Tìjání. "Bí òbí? Èmi ti kú ni?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í họ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ.

Àṣàbí kọ́ kátíkísìmù, ó mọ̀ ọ́n lórí ju àwọn tí wọ́n bí sínú rẹ̀ lọ. Nígbà tí Àjíǹde ń bọ̀, katikísì tó ń kọ́ wọn bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú àwọn ìyá ìjọ pé ta ni yóò ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀, ẹni tí yóò jẹ́ òbí rẹ̀ nínú ìsàmì. Àṣàbí ò mọ ẹnikẹ́ni. Ó ń wo ilẹ̀.

"Ìbéèrè ni?" Màmá Akóredé dá sí i, ó sì rẹ́rìn-ín sí Àṣàbí fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ta ló mú un wá? Kí Akóredé dúró fún un."

Katikísì yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó wo ìyá náà. "Akóredé kẹ̀, mà? Ṣé ẹ ti rò ó?"

"Ṣé kò tí ì dàgbà ni, àbí kì í wá sí Mísà?"

"Ó dàgbà, mà."

"Ó tán nìyẹn."

Katikísì dá gíláàsì rẹ̀ padà sójú. Òun náà jẹun nílé ìyá yẹn rí. Ní ti Àṣàbí, ọkàn rẹ̀ fò: ẹ̀rín ìyá ọkọ, ọwọ́ ọkọ, ọjọ́ kan náà! Akóredé nìkan ló fà sẹ́yìn díẹ̀ nígbà tó gbọ́.

"Ṣé kò ní sí nǹkan níbẹ̀, Màámi?"

"Kí ló máa wà níbẹ̀? Ṣé o ò fẹ́ dúró tì í ni?"

Ó fẹ́ dúró tì í. Ọjọ́ Àjíǹde, omi ṣàn lórí Àṣàbí, ó wọ aṣọ funfun tó lọ̀ fúnra rẹ̀, Akóredé sì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé e léjìká bí wọ́n ṣe ní kó ṣe. Ọwọ́ náà gbóná. Nínú gbogbo àdúrà ọjọ́ yẹn, kò sí èyí tí Àṣàbí rántí mọ́. Ọwọ́ yẹn nìkan ló rántí.

*

Òjò ọdún náà ti dáwọ́ dúró kí Akóredé tó sọ fún ìyá rẹ̀ pé kí wọ́n mú ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ìyá ní kó pe Àṣàbí wá, kó pe Àǹtí Yọ̀mí náà. Wọ́n jókòó sí pálọ̀. Ìyá gbé ohun mímu kalẹ̀ fún wọn, ó jókòó, ó ká ọwọ́.

"Ta ló fẹ́ mọ ta?" ó bi wọ́n.

"Ìyàwó wa, mà," Àǹtí Yọ̀mí ní. "Ká lọ mọ àwọn èèyàn rẹ̀ ní Ajah."

"Ìyàwó ta ni? Yọ̀mí, nínú ìdílé yín, ṣé bàbá máa ń fẹ́ ọmọ rẹ̀ ni?"

Kò sẹ́ni tó lóye. Ìyá yíjú sí ọmọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ bí ìgbà tó ń kọ́ ọ nígbà èwe.

"Akóredé, kí ni mo kọ́ ọ? Ẹni tó bá gbé ọwọ́ lé èèyàn níbi omi ìsàmì?"

"Bàbá rẹ̀ ni níwájú Ọlọ́run."

"Ta ló gbé ọwọ́ lé Mónìkà?"

"Màámi, ẹ̀yin lẹ ní..."

"Ta ló gbé ọwọ́ lé e?"

"Èmi ni."

"Ẹ mu nǹkan tí mo gbé kalẹ̀ fún yín," ìyá wí, ó sì dìde.

Níta, Àṣàbí di apá Akóredé mú. "Kí ni wọ́n ń sọ? Ìwọ ni bàbá mi báwo?"

"Òfin àtijọ́ ni. Bàbá bàbá mi máa ń sọ ọ́, Màámi sì fi kọ́ mi. Àwọn tí omi ìsàmì bá so pọ̀ kò gbọdọ̀ fẹ́ra wọn." Kò wo ojú rẹ̀. "Mi ò rántí, Àṣàbí. Mo fi Ọlọ́run búra, inú mi dùn débi pé mi ò rántí."

Lọ́jọ́ kejì wọ́n lọ bá Fádà Olúṣẹ́gun. Àlùfáà tuntun ni, wọn kò tí ì gbé e wá sí ìjọ náà nígbà tí Àṣàbí ṣe ìsàmì. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn tán, ó fi ọwọ́ nu ojú, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Ta ló sọ fún yín pé òfin yẹn ṣì wà? Ìjọ ló ṣe é láyé àtijọ́, kì í ṣe inú òfin mẹ́wàá ló wà. Ìwé òfin tuntun tí Póòpù fọwọ́ sí ní 1983 ti yọ ọ́ kúrò. Kí wọ́n tó bí ẹ̀yin méjèèjì ni! Ohun tí Ìjọ so, Ìjọ ti tú u. Ẹ lè fẹ́ra yín lọ́la."

Àṣàbí ké, ó kúnlẹ̀. Póòpù! Ọkùnrin tí kò mọ Ikate, tí kò mọ Ajah, ló ti jókòó sí Róòmù gba ẹjọ́ rẹ̀ rò kí wọ́n tó bí i. Ó ní òun máa ra fọ́tò rẹ̀ gbé kọ́ ilé ìfọṣọ.

"Fádà, tí mi ò bá tilẹ̀ ṣe ìsàmì rárá ńkọ́?" ó bèèrè, ẹ̀rín ló fi bèèrè é.

"Tó o bá dúró bíi Mùsùlùmí? Bíṣọ́ọ̀bù ì bá ti yọ̀ǹda fún yín. A máa ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ èèyàn."

Ẹ̀rín náà gan mọ́ Àṣàbí lẹ́nu. Ó rántí òkúta lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó rántí ẹ̀jẹ̀. Nígbà tó yíjú sí Akóredé, ó rí i pé òun nìkan ló ti ń rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà ń wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

*

Ìyá Akóredé fúnra rẹ̀ ló gbé aṣọ pẹpẹ wá lọ́sẹ̀ yẹn. Àǹtí Yọ̀mí ti lọ ra ọṣẹ. Àwọn méjèèjì nìkan ló wà níbẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà. Fádà ti sọ pé..."

"Mo mọ ohun tí Fádà sọ. Mo ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó fi òróró yàn án."

Áyọ́ọ̀nù dúró lọ́wọ́ Àṣàbí. "Ẹ mọ̀ pé òfin náà ti kúrò?"

"Mo kàwé, ọmọ yìí. Ṣé o rò pé ìfẹ́ tí mo ní sí ọ ló jẹ́ kí n ní kí ọmọ mi gbé ọwọ́ lé ọ léjìká? Ká ní mo ní kó má fẹ́ ọ, yóò sá tẹ̀ lé ọ dé Ìwó. Mo mọ ọmọ tí mo bí, agídí bàbá rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù Ọlọ́run tó wà lára rẹ̀, èmi ni mo fi síbẹ̀."

"Póòpù ti ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, mà."

"Póòpù ń jọba lórí ìwé òfin. Kò kọ́ Akóredé ní kátíkísìmù. Èmi ni mo jókòó tì í láti kékeré, tí mo fi pàṣán kọ́ ọ. Lọ bẹ Póòpù kó wá yọ ọ́ kúrò lórí rẹ̀, ká wò ó bóyá apá rẹ̀ á ká a." Ó tú apẹ̀rẹ̀ sórí tábìlì. "Rọra lọ̀ ọ́. Èyí tó o lọ̀ kẹ́yìn, etí rẹ̀ kò dọ́gba."

"Kí ni mo ṣe yín, mà?"

Ìyá rò ó, bí ẹni pé ìbéèrè náà tọ́ sí èsì.

"O ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ọmọ onítáìsì ni ọ́. Ilẹ̀ pálọ̀ mi, ó lè jẹ́ bàbá rẹ ló lẹ̀ ẹ́. Ṣé kí n wá máa kúnlẹ̀ kí i ní àna?"

Àṣàbí kò sọ ọ̀rọ̀ yìí fún Akóredé. Ó rò pé bí òun bá sọ ọ́, yóò dà bí ẹni tó ń ba ìyá jẹ́ lójú ọmọ. Ó tún rò pé ìfẹ́ tó. Títí tó fi darúgbó ni yóò máa bi ara rẹ̀ bóyá ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló pa ìfẹ́ náà.

*

Nínú Ìjọ Àgùdà, kí wọ́n tó so èèyàn pọ̀, Fádà á pe ọkọ àti ìyàwó sí ọ́fíìsì, á bi wọ́n bóyá tinútinú wọn ni wọ́n fi ń bọ̀. Ìbéèrè tí gbogbo èèyàn ń fi ẹ̀rín dáhùn ni. Fádà Olúṣẹ́gun bi Àṣàbí, ó ní bẹ́ẹ̀ ni kí ìbéèrè tó tán. Ó bi Akóredé.

Akóredé tún ń wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

"Akóredé, mo ní ṣé tinútinú rẹ lo fi fẹ́ fẹ́ ẹ?"

"Fádà, tí mo bá ti fẹ́ ronú kan obìnrin yìí bí ọkọ ṣe ń ronú kan aya, ọwọ́ mi ni mo ń rí léjìká rẹ̀. Omi ń kán lórí rẹ̀. Èmi sì ń jẹ́jẹ̀ẹ́ pé màá tọ́ ọ bí ọmọ."

"Kò sí òfin tó dè ọ́ mọ́. Póòpù ti mú un kúrò."

"Ó mú un kúrò nínú ìwé, Fádà. Kò mú un kúrò lọ́wọ́ mi."

Àṣàbí fò dìde. "Ẹ pàṣẹ fún un, Fádà! Ṣé kì í ṣe ọmọ ìjọ yín ni? Ẹ kọ̀wé sí Bíṣọ́ọ̀bù, kí Bíṣọ́ọ̀bù kọ̀wé sí Póòpù, kí wọ́n pàṣẹ fún un pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀!"

"Jókòó, Mónìkà."

"Àṣàbí lorúkọ mi!"

Fádà mí kanlẹ̀. Ọ̀dọ́ ni òun náà, ó sì hàn lójú rẹ̀ pé ó wu òun kí irú agbára bẹ́ẹ̀ wà. "Póòpù lè ṣílẹ̀kùn fún èèyàn. Kò lè tì í wọlé. 'Bẹ́ẹ̀ ni' tí a fi ń ṣègbéyàwó, ẹni tó fẹ́ ṣègbéyàwó nìkan ló ni ín. Bí gbogbo Póòpù tó ti jẹ rí bá péjọ sínú yàrá yìí, wọn ò lè bá Akóredé sọ ọ́."

Àṣàbí kúnlẹ̀ síwájú ọkùnrin náà. "Akóredé, wò mí. Ta ni mo jẹ́ sí ọ?"

Ó wò ó. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó fẹ́ gbé e lé e léjìká, ó tètè fà á padà bí ẹni tí áyọ́ọ̀nù jó.

"Dìde, ọmọ mi," ó wí.

*

Ìyá Akóredé kò jẹ́ kí egbò náà sàn. Ó ń fi ṣẹ́ẹ̀tì Akóredé ránṣẹ́ sí ilé ìfọṣọ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Á dúró sẹ́nu géètì, á sì ké sókè kí àwọn oníbàárà lè gbọ́: "Yọ̀mí, ẹ fún Mónìkà kó bá bàbá rẹ̀ lọ̀ ọ́!" Àwọn tí kò mọ ìdí rẹ̀ á rẹ́rìn-ín. Àṣàbí lọ gbogbo wọn. Ẹ̀yìn ló ń ká apá wọn sí, bíi ti gbogbo èèyàn.

"Fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀, ọmọ mi," Àǹtí Yọ̀mí bẹ̀ ẹ́. "Màá bá ọ wá ibòmíràn ní Igbó Ẹfọ̀n."

"Ẹ jẹ́ kí n máa lọ̀ ọ́, Àǹtí. Mo ń kọ́ nǹkan lára wọn."

Ọdún yí po. Bọ̀sún tó ń kan òrùlé ní sáìtì kan náà pẹ̀lú Tìjání ní òun fẹ́ fẹ́ Àṣàbí. Ará Òndó ni, inú Ìjọ Àgùdà ni wọ́n bí i sí. Ó dàgbà ju Akóredé lọ dáadáa, irun funfun ti ń yọ nínú irùngbọ̀n rẹ̀. Ọkùnrin tó ń rẹ́rìn-ín kí ẹ̀fẹ̀ tó tán ni. Àṣàbí gbà. Tìjání gba àna rẹ̀ tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì ṣe ìdána ní Ajah, ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

"Níta ni màá dúró sí. Èmi kọ́ ni wọ́n fi ṣe òbí rẹ níbẹ̀."

"Òótọ́ ni, Bàámi," Àṣàbí wí. "Mo ní òbí tèmi níbẹ̀."

Ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tó dára, ó gba Ikate lọ. Màmá Akóredé wà ní pálọ̀, ọmọ rẹ̀ jókòó tì í. Ọmọbìnrin inú ẹsítéètì tí ìyá náà wá fún un ti lọ fẹ́ ẹlòmíràn, nítorí Akóredé kì í bá a sọ̀rọ̀. Àṣàbí kọjá lára ọkùnrin náà, ó fi eékún méjèèjì lélẹ̀ lórí táìsì níwájú ìyá.

"Màmá àgbà, ẹ kú ilé."

Ìyá náà dágìrì. "Ta ni màmá àgbà rẹ?"

"Ìyá bàbá mi, mà. Mo wá fi ìwé ìpè sí ìgbéyàwó mi hàn yín. Bàbá tó bí mi kò ní wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Fádà ní ta ló máa fà mí wọlé. Mo ní mo ní bàbá." Ó yíjú, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ṣe ń ṣe. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá mi, ẹ wá fà mí lé ọkọ lọ́wọ́."

Akóredé dìde, ó tún jókòó. "Àṣàbí, má ṣe èyí sí mi."

"Ìkà ni ọ́," ìyá rẹ̀ wí. "Fádà ní òfin ti kúrò. Kì í ṣe bàbá rẹ lójú òfin kankan!"

"Ṣé kì í ṣe bàbá mi mọ́, mà? Ẹ tún un sọ fún un kó gbọ́. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ báyìí, mo máa bọ́ òrùka Bọ̀sún sílẹ̀ lórí tábìlì yín, a ó sì jọ lọ bá Fádà lónìí."

Akóredé yíjú sí ìyá rẹ̀. Ojú tó fi wò ó, ojú ọmọ tí ebi ń pa ni. Ẹnu ìyá là, ó tún pa dé. Bó bá sọ ọ́, ọmọ onítáìsì wọlé. Bó bá dákẹ́, ọmọ rẹ̀ jáde.

"Omi tó bá ti kan ohun mímọ́," ìyá wí nígbẹ̀yìn, kò sì lè parí rẹ̀.

"Kò níbi tó ń padà sí mọ́," Àṣàbí bá a parí rẹ̀. "Ẹ ṣé, Màmá àgbà."

*

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, Tìjání dúró lábẹ́ igi níta. Akóredé fa Àṣàbí wọlé. Súùtì rẹ̀ tóbi jù ú. Ó ti rù. Bí wọ́n ṣe dé iwájú pẹpẹ, Bọ̀sún dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọ̀dọ́mọkùnrin tó lè jẹ́ àbúrò rẹ̀. "Ẹ ṣeun, Bàbá wa. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ tọ́ ọ fún mi." Àwọn ará ìjọ pàtẹ́wọ́. Ìyá Akóredé jókòó síwájú, ó fi rosárì di ẹnu.

Akóredé gbé ọwọ́ ọ̀tún lé Àṣàbí léjìká láti súre. Ọwọ́ náà ti tutù.

"Àṣàbí, dárí jì mí," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Àmín, Bàbá," ó dá a lóhùn, sókè, kí gbogbo èèyàn lè gbọ́.

Fádà Olúṣẹ́gun béèrè ìbéèrè rẹ̀. Ohùn Àṣàbí kò gbọ̀n nígbà tó ní bẹ́ẹ̀ ni. Akóredé wà lórí ìjókòó àwọn òbí nígbà náà, ó tẹríba, èjìká rẹ̀ ń mì.

"Kí ló dé tí bàbá ìsàmì rẹ ń sunkún tó báyìí?" Bọ̀sún bi í létí, àánú ṣe é. "Ṣé kí n lọ pẹ̀tù sí i?"

Àṣàbí fa apá ọ̀tún kóòtù ọkọ rẹ̀ tó ká kò, ó tẹ́ ẹ, ó na án títí ó fi gún.

"Fi wọ́n sílẹ̀," ó ní. "Bí bàbá ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí wọ́n bá ń fa ọmọ rẹ̀ fọ́kọ."